Ẹ Má Da Kápúsù Sínú Omi Ẹja Mọ́

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbé lẹ́tà kékeré, kí ó gbé fóònù fún ọmọdé nínú ilé kó bá a kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀, ó sì kan gbogbo ilé tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ta ló wá kù ní Ìhunbọ̀ níbí?

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, mo yà sí ilé ìyàwó àbúrò ọkọ mi láti gba gààrí. Ó ní adágún ẹja kan lẹ́yìn ilé ìdáná, èyí tó fi búlọ́ọ̀kù mọ nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè pa. Ẹ ò gbàgbé. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n tì í. Nígbà tí wọ́n ṣí ti Sẹ̀mẹ́ ní ìparí ọdún 2020, ti Ìdírókò tiwa ṣì wà ní títì, ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dárúkọ wa. Òwò kú lójú ọ̀nà yìí, kálukú ń wá ohun tó máa fi bọ́ ọmọ. Òun kó owó àjọ rẹ̀, ó mọ adágún, ó ra ọmọ ẹja. Mo yìn ín nígbà yẹn, mo ṣì ń yìn ín.

Mo bá a lórí àpótí, ó ń tú kápúsù. Ó ń ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń da ìyẹ̀fun inú wọn sínú garawa omi, èèpo wọn aláwọ̀ pupa àti ìyeyè sì ti kún ẹsẹ̀ rẹ̀ bí èèpo ẹ̀gúsí. Tetracycline ni. Mo kà á, ó ti tú 22.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe yìí?"

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ wo omi yìí, ó ti di ọbẹ̀ ewédú. Ara ògiri rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja fún wa ló ní kí n máa fi ogún kápúsù sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́ o!"

Ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá jà lónìí, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ló sì ń kó bá wa.

Ohun méjì ló ń bà omi ẹja jẹ́, àwa sì pa wọ́n pọ̀, a ń pè wọ́n ní ìdọ̀tí. Èkíní ni àwọ̀ ewé tó dàpọ̀ mọ́ omi. Ewéko ni, ewéko tó kéré débi pé ojú kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní algae. Oòrùn àti ajílẹ̀ ló ń jẹ, bí àgbàdo ṣe ń jẹ wọ́n, ajílẹ̀ tó ń rí nínú omi ẹja sì ni oúnjẹ tí ẹja kò jẹ tán àti ìgbẹ́ tí ẹja ń yà. Èkejì ni èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri àti ìsàlẹ̀ bí aṣọ tútù, tó ń ṣí bí awọ, tó sì ń rùn. Nígbà mìíràn ó dúdú, nígbà mìíràn ó pọ́n. Ó jọ ewéko, ṣùgbọ́n bakitéríà ni, kòkòrò àìfojúrí tó mọ bí a ṣe ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Cyanobacteria lorúkọ tí wọ́n ń pè é.

Kápúsù kò lè pa ewéko. Ẹni tó bá da tetracycline sí omi aláwọ̀ ewé dà bí ẹni tó da á sí oko ẹ̀gẹ́ kí koríko lè kú. Ṣùgbọ́n ti ara ògiri yẹn, nítorí pé bakitéríà ni, ó lè kú lóòótọ́. Yóò ṣí, yóò léfòó, a ó kó o dànù, a ó ní oògùn ṣiṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti tún bo ògiri, nítorí pé oòrùn ṣì wà níbẹ̀, ajílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, èyí tó kú tó jẹrà sínú omi sì ti di ajílẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ní kó máa fi sí i. Oògùn tí a gbọ́dọ̀ máa lò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ayé, ẹni tó ń tà á ló ń wò sàn.

Kí ẹ má bàa rò pé àìmọ̀wé wa ló fà á, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London. Òun náà ń sin ẹja, kì í ṣe fún jíjẹ o, fún wíwò lásán. Àpótí gíláàsì ńlá kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, omi oníyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, ẹja aláràbarà ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láàárín ohun abẹ̀mí kan tó dà bí òdòdó. Nígbà tó fi hàn mí lórí fóònù, ó ní ìbátan iyùn ni, iyùn tí ẹ̀yin ìyá ń fi sọ́rùn níbi ìnáwó. Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó búra. Ó ní ohun tó lẹ́mìí ni iyùn kó tó dé ọ̀dọ̀ onílẹ̀kẹ̀, inú òkun ló ti ń kọ́ ilé ara rẹ̀ bí òkúta. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi tìfura-tìfura.

Àpótí yẹn tó ná an lówó rẹpẹtẹ, nǹkan pupa tó ń yọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó. Cyanobacteria yẹn náà ni. Ó fi erythromycin sí i, antibáyótíìkì tí ẹ̀yin náà mọ̀ ní kẹ́míìsì. Lọ́jọ́ kejì, omi mọ́ gaara. Inú rẹ̀ dùn, ó ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Kí oṣù tó parí, nǹkan pupa ti padà dé. Ó tún fi oògùn sí i, ó tún padà. Àgbà kan tó ti ń ṣe irú ẹja bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ló wá bi í pé mélòó lò ń fún àwọn ẹja yìí jẹ lóòjọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta. Wákàtí mélòó ni iná ń tàn lé wọn lórí? Méjìlá. Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n dín oúnjẹ kù sí ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n dín iná kù sí wákàtí mẹ́jọ, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tó ń ru omi kó má bàa dúró sójú kan, ó ń fi rọ́bà fa nǹkan pupa náà jáde pẹ̀lú ọwọ́, ó sì ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbà á tó oṣù méjì. Kò tíì padà láti ìgbà náà.

Àpótí gíláàsì London àti adágún búlọ́ọ̀kù Ìhunbọ̀, àrùn kan náà ni, ìwòsàn kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹja ti London yẹn. Àwa ń jẹ tiwa.

Kí n tó dé orí jíjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kápúsù ń ṣe sí ẹja fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ mọ̀ pé ohun kan tí ojú kò rí ló ń kan án. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú, ẹ mọ̀ pé ẹ kì í ṣe nǹkan kan ju kí ẹ sè é, kí ẹ bò ó, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó fúnra rẹ̀ rà. Bakitéríà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn fún yín láìgba owó. Irú wọn wà nínú omi ẹja pẹ̀lú. Ìdọ̀tí tí ẹja ń yà máa ń di amóníà, èyí tó máa ń ta èèyàn nímú bí ilé ìtọ̀, ó sì ń jó ibi tí ẹja fi ń mí bí iná. Àwọn bakitéríà rere tó lẹ̀ mọ́ ògiri àti ìsàlẹ̀ adágún ló ń sọ amóníà yẹn di ohun tí kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kápúsù tó ń pa èyí tó ń yọ̀ kò mọ ẹni rere yàtọ̀ sí ẹni burúkú. Ó lè pa wọ́n pọ̀. Ta ló ń da tetracycline sínú ìkòkò ògì?

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ní ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, òun jáde, òun bá àwọn ẹja tí wọ́n na ẹnu sókè lójú omi, èyí tó sì ti kú lé ní 60. Ó rò pé ayé ló ṣe é. Mi ò ní sọ pé kò sí ayé, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Lójú ọ̀sán, ewéko inú omi yẹn máa ń tú afẹ́fẹ́ rere sínú omi. Tó bá di òru, òun náà á máa fa afẹ́fẹ́ yẹn, òun àti ẹja á jọ máa du ú, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti tán. Ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ìdí nìyẹn tó fi ń fara dà á ju epìyà lọ. Ṣùgbọ́n tí amóníà bá ti jó o, tí afẹ́fẹ́ sì tún tán, kò sí ibi tó máa gbà.

Ó wá ku èyí tó kàn wá nínú ilé.

Bakitéríà tí kápúsù kò bá pa, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Tí oògùn bá kéré, tó fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ nínú omi púpọ̀, tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gan-an la kọ́ fún wọn. Alexander Fleming, ọkùnrin tó ṣàwárí penicillin ní 1928, fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ ní 1945, nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá, pé ẹni tó bá ń lo oògùn yìí ní ìwọ̀n tí kò tó, ó ń kọ́ kòkòrò láti lè kọ̀ ọ́. Àwọn onímọ̀ ṣe ìṣirò ti ọdún 2019: bakitéríà tó ti kọ oògùn ló pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé 270,000 èèyàn lágbàáyé lọ́dún yẹn. Nínú gbogbo ẹkùn ayé tí wọ́n wò, Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tiwa yìí ni ikú náà ti pọ̀ jù lọ bí a bá fi iye èèyàn wọ̀n ọ́n.

Ọmọ-ọmọ kan wà nínú ilé yẹn, ọmọ ọdún mẹ́ta. Lọ́dún tó kọjá, egbò kan yọ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ bu kápúsù lára ti ẹja, ó fún un mu, ó tún bu ìyẹ̀fun rẹ̀ lé egbò. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún. Oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fún un níbẹ̀ kò ràn án, èkejì kò ràn án, abẹ́rẹ́ olówó gọbọi ló gbà á. Mi ò sọ pé omi ẹja ló fà á o. Kò sí ẹni tó lè búra sí i, èmi náà kò ní búra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọmọ yẹn máa ń fi ẹsẹ̀ òfìfo gun etí adágún, àti pé ọwọ́ tó ń tú kápúsù fún ẹja ni ọwọ́ tó tú u fún un. Kí ẹ tún mọ̀ pé tetracycline kì í ṣe oògùn ọmọdé rárá. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́jọ kò yẹ kó mu ún, aboyún kò yẹ kó mu ún, nítorí ó máa ń ba eyín ọmọ jẹ́, àwọ̀ eyín á yí padà títí ayé.

Àwọn kan á ní ṣebí òyìnbó náà ń fún ẹja ní antibáyótíìkì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ẹja ni wọ́n ń fi í sí, ní ìwọ̀n, fún àrùn tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Ní Amẹ́ríkà, ẹja àrọ̀ tó bá jẹ oxytetracycline, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó lè pa á fún jíjẹ. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 sì ni wọ́n ti ní kò sí ẹni tó lè ra irú antibáyótíìkì tí èèyàn náà ń lò fún ẹran ọ̀sìn láìgba ìwé lọ́wọ́ dókítà ẹran. Níbi tiwa, ẹja tí wọ́n da kápúsù sí omi rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé lè wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bu omi adágún fọ abọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oríṣi kan nínú cyanobacteria yìí ń tú oró sínú omi. Sísè kò lè pa oró náà. Bí ẹ ṣe ń sè é tí omi ń gbẹ, ṣe ni oró ń le sí i. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà sọ fún nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn pé kí wọ́n má mu omi ẹ̀rọ fún bí ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀. Ní Caruaru ní orílẹ̀-èdè Brazil, ní 1996, omi tó ní oró yìí wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn aláìsàn kíndìnrín, èèyàn tó lé ní 50 kú. Ní Botswana ní 2020, erin tó lé ní 300 ṣubú kú, ìjọba wọn sì sọ pé irú oró yìí nínú omi tí wọ́n ń mu ni. Erin o! Nítorí náà, omi tó bá ti di àwọ̀ ewé, kì í ṣe fún mímu, kì í ṣe fún sísè, kì í ṣe fún wíwẹ ọmọ.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ èyí láìka ìwé. Wọ́n ń gbé àmù sí ibòji, wọ́n ń dé e, wọ́n sì ń fi iyanrìn àti kàn-ìn-kàn-ìn fọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó pọn omi tuntun sí i. Táńkì dúdú tí a ń gbé sókè lóde òní, dúdú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé ni. Adágún ẹja nìkan la wá gbé sínú oòrùn gbangba, tí a sì ń ṣe ìyàlẹ́nu pé ó hu ewé.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò le, iṣẹ́ ọwọ́ ló kàn gbà. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ìdajì ojú adágún. Oúnjẹ tí ẹja kò bá jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti fún wọn jù, ẹ dín in kù lọ́la. Ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí wà, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti tú omi jáde, kì í ṣe òkè, kí ẹ tú tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ẹ sì fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Omi tí ẹ tú jáde, ẹ darí rẹ̀ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò so. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sí ẹ̀bá kànga. Èyí tó ń yọ̀ lára ògiri, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle gbá a, ẹ kó o jáde, láìsí ọṣẹ, láìsí omi ìfọṣọ funfun. Apá kan lónìí, apá kejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn bakitéríà rere lè rí ibi sá sí. Nígbà tí ẹ bá kó ẹja tán pátápátá, ẹ jẹ́ kí oòrùn sá inú adágún títí yóò fi sán.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti sọ ọ́ fún mi: "Ìyá mi, omi wọ́n. Ẹ mọ iye tí bẹntiróòlù ẹ̀rọ tó ń fa omi ń jẹ." Mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní díbọ́n pé mo ní owó bẹntiróòlù tí mo máa pín. Ìdáhùn mi kò dùn ún, bóyá kò ní dùn yín náà: ẹja tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹja 500 ló kó sínú adágún tí 200 kò lè wà nínú rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tí kò bá ní omi tó fún 500, kó sin èyí tí omi rẹ̀ lè gbé. Èrè á kéré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹja 60 tó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan ńkọ́? Owó kápúsù ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ọmọ ńkọ́?

Mo ń bẹ ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, láti ibí títí dé Ìdírókò, Àgọ́sásà àti Ajílété: tí ẹ bá fẹ́ ra ẹja lọ́wọ́ ẹni, ẹ bi í pé kí ló ń fi sí omi. Ẹ̀yin lẹ ni owó, ẹ̀yin lẹ ni ìkòkò, wọ́n á dá yín lóhùn. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wa pe àwọn oníkẹ́míìsì àti àwọn tó ń ta oúnjẹ ẹja jókòó. Ọmọ wa ni wọ́n, kò yẹ kó di ìjà. Kí wọ́n má ta antibáyótíìkì ní páálí-páálí fún ẹni tí kò mú ìwé dókítà dání, yálà ó ní ẹja ni tàbí ó ní ibà. Àti oògùn tó ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ wọlé láti òdìkejì, tí wọ́n kọ èdè Faransé sí lára, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dúró lọ́hùn-ún.

Ìyàwó àbúrò ọkọ mi ti ta nǹkan bí igba nínú àwọn ẹja náà fún àwọn tó ń yan ẹja, lẹ́yìn tí mo ní kó jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kọjá lórí kápúsù ìkẹyìn. Imọ̀ ọ̀pẹ ti wà lórí adágún. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, omi ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀yìn ẹja nínú rẹ̀, èyí tí n kò rí nígbà àkọ́kọ́. Ó kó kápúsù tó kù fún mi nínú ọ̀rá, 41 ni. Ó wà nínú báàgì mi, mo ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ Ajé kí wọ́n bá mi dáná sun ún bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, kó gbé e wá kí n tó lọ.